Nígbà Tí Olówó Bá Gbọ́wọ́ Kúrò: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Portsmouth àti Tiwa

  Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń sọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá di yẹpẹrẹ. Bí a bá bi alátìlẹyìn mẹ́wàá léèrè ohun tó ń ṣe ẹgbẹ́ wọn, mẹ́sàn-án á ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kò mọṣẹ́, ẹnì kan tó kù á ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣọ̀lẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í bèèrè, òun ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: bí ẹni tó ń náwó lé ẹgbẹ́ yìí lórí bá gbọ́wọ́ kúrò lọ́la, kí ni yóò ṣẹ́ kù?

Ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà, ìdáhùn ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Portsmouth ni orúkọ rẹ̀. Mo yàn án nítorí pé gbogbo àìsàn tó lè ṣe ẹgbẹ́ ló ṣe é láàárín ọdún márùn-ún péré, àti nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ ẹkún rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Portsmouth, ìlú etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ti fi ṣe ibùdó láti ayébáyé. Ó gba líìgì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn, 1949 àti 1950. Ó gba ife FA ní 1939; ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè díje fún ife náà mọ́, ni ife bá wà lọ́wọ́ Portsmouth fún ọdún méje gbáko. Títí dòní, àwọn ará ibẹ̀ ṣì máa ń fi í yangàn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síbí ni yóò rántí ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Ìṣẹ́jú 37 ni. John Utaka gbá bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún wá sí iwájú ilé, Peter Enckelman tó ń ṣọ́lé fún Cardiff City na ọwọ́ sí i, bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn Nwankwo Kanu ló sì bá a pàdé. Góòlù kan ṣoṣo náà ló gba ife. Ọmọ Nàìjíríà ló gbé bọ́ọ̀lù wá, ọmọ Nàìjíríà ló tì í wọlé. Kanu yìí kan náà ló jẹ góòlù tó mú wọn kọjá West Brom sí àṣekágbá, West Brom tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù fún kí Portsmouth tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2006. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ti lọ bá Manchester United nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì nà án ní 1 sí 0. Ariwo tó sọ láwọn ilé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa lọ́jọ́ àṣekágbá náà, ti Kanu ni ju ti Portsmouth lọ, inú wa sì dùn.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ìdí ife náà wò.

Ní 1999, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti wọ gàù gbèsè lẹ́ẹ̀kan rí, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Milan Mandaric rà á. Harry Redknapp ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbé wọn wọ Premier League ní 2003. Yakubu Aiyegbeni wà níbẹ̀ nígbà náà, ó ń jẹ góòlù bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, Portsmouth sì tà á fún Middlesbrough ní 2005 ní £7.5 mílíọ̀nù, iye tó ju èyí tí wọ́n rà á lọ dáadáa. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn, nítorí pé irú òwò bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹgbẹ́ kékeré: kí ó rí ọmọ tó lẹ́bùn kí àwọn ńlá tó rí i, kí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù fún un, kí ẹgbẹ́ náà tà á lówó gidi, kí ó sì fi owó náà wá òmíràn.

Ní 2006, ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Alexandre Gaydamak. Láti ìgbà náà ni ìnáwó ti yí padà. Sol Campbell dé, David James dé, Glen Johnson, Sylvain Distin, Sulley Muntari, Lassana Diarra, Jermain Defoe. Utaka wá láti ilẹ̀ Faransé ní 2007. Ìlú wo ni kò ní jó fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n Fratton Park, pápá tí wọ́n ń lò, kò gbà ju nǹkan bí 20,000 ènìyàn lọ. Old Trafford gbà ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Ní sáà tí wọ́n gba ife yẹn, nǹkan bí £70 mílíọ̀nù ló wọlé fún Portsmouth. Owó oṣù nìkan kó nǹkan bí £55 mílíọ̀nù lọ nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti máa san gbèsè agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà, ti ọkọ̀ òfuurufú, ti iná, ti omi, ti koríko orí pápá àti èlé orí owó tí wọ́n yá ní báńkì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rírà àti títà agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú wa ti ń ṣókùnkùn jù. Bí ìròyìn bá sọ pé ẹgbẹ́ kan ra agbábọ́ọ̀lù ní £9 mílíọ̀nù, kì í ṣe pé wọ́n ka £9 mílíọ̀nù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń san án, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Agbábọ́ọ̀lù náà á ti wọ aṣọ, á ti jẹ góòlù, ó tilẹ̀ lè ti ṣèṣe tàbí kí wọ́n ti tà á síbòmíràn, gbèsè rẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ń rà lemọ́lemọ́ ń fi owó ọdún tó ń bọ̀ ṣe ìdùnnú ọdún yìí. Owó tí Gaydamak kó sílẹ̀ pàápàá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ jẹ ẹ́. Alátìlẹyìn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀yáwó ló ń dúpẹ́ lé lórí.

Ọdún 2008 náà ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé. Owó Gaydamak dáwọ́ dúró, ó sì ń wá ẹni tí yóò ra ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Redknapp gba Tottenham lọ ní oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kọkànlá, AC Milan wá sí Fratton Park nínú ìdíje UEFA Cup. Kaboul jẹ ọ̀kan, Kanu jẹ ọ̀kan, Portsmouth ń fi 2 sí 0 léwájú kí Ronaldinho àti Inzaghi tó dá a padà di ọ̀mì. Ẹni tó bá wo pápá lálẹ́ ọjọ́ yẹn á rò pé ẹgbẹ́ ńlá ni. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ta Diarra fún Real Madrid, wọ́n ta Defoe fún Tottenham. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2009, Johnson lọ sí Liverpool, Crouch àti Kranjcar lọ sí Tottenham, Distin lọ sí Everton. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ló gbé e mì. Kò sí èyí tí wọ́n fi ra arọ́pò tó tó arọ́pò.

Sáà 2009/10 ni kí ẹ bá mi wò dáadáa, nítorí pé n kò mọ irú rẹ̀ mìíràn nínú ìtàn Premier League. Ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni ẹgbẹ́ náà láàárín sáà kan ṣoṣo. Gaydamak ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó tà á fún Sulaiman al-Fahim láti Dubai, ẹni tí ìwé ìròyìn ti ń pariwo ọrọ̀ rẹ̀. Al-Fahim kò lò tó oṣù méjì. Ali al-Faraj, ará Saudi Arabia, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì rí ojú ẹni yìí rí ní Fratton Park títí ó fi lọ. Balram Chainrai, oníṣòwò láti Hong Kong tó ti yá wọn lówó, wá gba ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kejì 2010 nítorí pé wọn kò rí owó rẹ̀ san. Gbogbo wọn ni àwọn aláṣẹ líìgì yẹ̀ wò tí wọ́n sì ní kò sí aburú. Ó dùn mí pé àyẹ̀wò náà bèèrè bóyá ènìyàn ti jẹ̀bi ní kóòtù rí, ṣùgbọ́n kò tẹnu mọ́ bóyá owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ìyẹn ṣe fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje àkọ́kọ́ nínú líìgì ni wọ́n pàdánù tẹ̀léra. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó oṣù pẹ́ kí ó tó wọlé. Líìgì dè wọ́n lọ́wọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù mọ́. Owó tẹlifíṣọ̀n tó tọ́ sí wọn, líìgì kò fi lé wọn lọ́wọ́ tààrà, ó mú nínú rẹ̀ san fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ ní gbèsè agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Aruna Dindane ló máa ń ká mi lára jù. Ọmọ Ivory Coast ni, àyálò ni wọ́n mú un wá láti Lens ní ilẹ̀ Faransé, ó sì wà lára àwọn tó ń jẹ góòlù fún wọn. Ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ pé bí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù dé iye ìgbà kan, dandan ni kí Portsmouth rà á pátápátá ní nǹkan bí £4 mílíọ̀nù. Nígbà tó ku ẹyọ kan, wọ́n ní kó jókòó. Ara rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ó ń fojú wò wọ́n, nítorí pé bí ó bá fẹsẹ̀ kan pápá, gbèsè tuntun ni. Ìgbà tí àṣekágbá ife FA kù sí dẹ̀dẹ̀ ni Lens gbà kí ó gbá a láìgba owó náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ló lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Avram Grant tó wà níbẹ̀ nígbà náà kì í fi ojú agbára agbábọ́ọ̀lù nìkan yan ẹni tí yóò wọ pápá. Ìwé àdéhùn ń bá a yàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dé àṣekágbá lọ́dún tí gbogbo nǹkan ń wó yìí. Wọ́n na Tottenham, ẹgbẹ́ tó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ, ní 2 sí 0. Chelsea ló wá nà wọ́n ní 1 sí 0 ní Wembley. Petr Cech mú pẹnárítì Kevin-Prince Boateng kí Drogba tó jẹ góòlù. Nítorí pé Chelsea ti gba líìgì, ó yẹ kí Portsmouth lọ fún ìdíje Europa League, ṣùgbọ́n ìwé owó wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí àṣẹ gbà.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì 2010, wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ náà lé ọwọ́ alábòójútó lábẹ́ òfin gbèsè, irú ẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tó wà nínú Premier League. Wọ́n yọ àmì-ayò 9 lára èyí tí wọ́n ní. Wọ́n parí sáà pẹ̀lú 19, wọ́n sì já. Òṣìṣẹ́ 85 ni alábòójútó dá dúró: àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń tọ́jú ọ́fíìsì, àwọn tí orúkọ wọn kò sí lẹ́yìn aṣọ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ jẹ lówó jáde ni ìtìjú náà wá hàn kedere. Gbogbo rẹ̀ ju £100 mílíọ̀nù lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wà níbẹ̀, àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ọ́fíìsì owó orí ìjọba ní £37 mílíọ̀nù ni wọ́n jẹ òun. Láàárín wọn ni St John Ambulance wà, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti tọ́jú ẹni tó bá dákú sórí ìjókòó ní pápá. Nǹkan bí £2,700 ni wọ́n jẹ wọ́n. Nínú ọ̀sẹ̀ kan, owó iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ju ìyẹn lọ lọ́nà mẹ́wàá.

Òfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé bí ẹgbẹ́ bá wó, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mìíràn gbọ́dọ̀ gba owó wọn pé pérépéré kí ẹgbẹ́ náà tó lè padà sínú líìgì. Àwọn yòókù, wọ́n dá a lábàá pé wọn yóò gba 20 kọ́bọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Alágbàṣe tó tún òrùlé ṣe, olóúnjẹ, St John Ambulance, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ọ́fíìsì owó orí gbé e lọ sí kóòtù gíga, wọn kò ṣàṣeyọrí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbèjà òfin yìí pé láìsí i, gbèsè ẹgbẹ́ kan lè fa mẹ́wàá lulẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń sọ fún ẹgbẹ́ tó ń tà ni pé kí ó máa ta agbábọ́ọ̀lù fún ẹnikẹ́ni láìbèèrè bóyá ó lówó, torí pé yóò gba tirẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ọlọ́jà kékeré ló ń ru ewu rẹ̀.

Ìṣubú kejì kò pẹ́. Ní 2011, Vladimir Antonov, oníbáńkì ọmọ Rọ́ṣíà, gba ẹgbẹ́ náà nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọlọ́pàá ti mú un ní London lórí ọ̀rọ̀ báńkì Snoras ní Lithuania, ilé-iṣẹ́ náà sì wó. Ní oṣù Kejì 2012, Portsmouth tún bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó. Àmì-ayò 10 lọ, ìpele tún lọ. Utaka ti kúrò ní 2011 lọ sí Montpellier, ó sì bá wọn gba líìgì Faransé ní 2012. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, wọ́n sọ fún gbogbo àgbà agbábọ́ọ̀lù tó kù, Kanu wà lára wọn, pé bí wọn kò bá lọ, tí wọn kò sì dín nínú owó tí àdéhùn wọn sọ, ẹgbẹ́ náà yóò kú. Wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àti àwọn tó fọwọ́ sí ìwé oṣù kan oṣù kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáà. Wọ́n tún já. Láti ìdíje pẹ̀lú AC Milan dé ìpele kẹrin, kò tó ọdún márùn-ún.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó parí ni àwọn ará ìlú ti dìde. Àwọn alátìlẹyìn ti dá àjọ kan sílẹ̀, Pompey Supporters' Trust. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú £1,000 wá, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́. Àwọn tó mú un wá ju 2,000 lọ. Awakọ̀ wà nínú wọn, olùkọ́ wà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà. Àwọn kan tí kò dá ní in kó ara wọn jọ, wọ́n pa owó pọ̀ láti ra ìpín kan, bí àwa náà ṣe máa ń dá èésú. Àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀ nínú àwọn alátìlẹyìn náà fi tiwọn kún un. Ìdènà ńlá tó kù ni pé Fratton Park fúnra rẹ̀ wà ní ìdógò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Chainrai, ó sì lóun kò ní yọ̀ǹda rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n bá ara wọn dé kóòtù gíga ní oṣù Kẹrin 2013. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò sí £3 mílíọ̀nù, nígbà tó sì di ọjọ́ 19 oṣù náà, ẹgbẹ́ di ti àwọn alátìlẹyìn.

Ẹ má jẹ́ kí n pọ́n ọn fún yín kọjá bó ṣe rí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní ọdún àkọ́kọ́ kò dára. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò nínú líìgì pátápátá kí Andy Awford, ọmọ ẹgbẹ́ náà àtijọ́, tó wá kó wọn yọ. Níní ẹgbẹ́ kò kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó yí padà ni ìwé owó. Wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì sáà ju 10,000 lọ ní ìpele kẹrin, iye tí ẹgbẹ́ ìpele kejì mìíràn kò rí tà. Owó oṣù kò kọjá ohun tó ń wọlé. Nígbà tó fi di 2014, wọ́n ti san gbogbo gbèsè tí wọ́n jogún. Ní 2017, lábẹ́ Paul Cook, wọ́n gba líìgì ìpele kẹrin lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn sáà, wọ́n na Cheltenham ní 6 sí 1.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn alátìlẹyìn dìbò pé kí wọ́n ta ẹgbẹ́ náà fún Michael Eisner, ọ̀gá àtijọ́ ní ilé-iṣẹ́ Disney. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé, "Ẹ ò rí i? Wọ́n padà sọ́dọ̀ olówó." Òótọ́ ni. Wọ́n rí i pé pápá tó ti gbó ń fẹ́ àtúnṣe tí £1,000 kò lè gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Eisner wá bá wọn, ó dúró níwájú wọn, ó dáhùn ìbéèrè wọn, ó ní òun yóò kó £10 mílíọ̀nù wọlé fún ìdàgbàsókè yàtọ̀ sí iye tí òun fi rà á. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n dìbò. Ní 2006, kò sẹ́ni tó bi ará Portsmouth kankan léèrè ohunkóhun. Ní 2024, wọ́n gba líìgì ìpele kẹta, wọ́n padà sí ìpele kejì lẹ́yìn ọdún méjìlá, láìjẹ gbèsè tó lè pa wọ́n. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti rí ẹ̀kọ́ kọ́: ní 2025 wọ́n sọ ọ́ di òfin pé kí àjọ aláṣẹ kan tó dá dúró máa yẹ àwọn tó fẹ́ ra ẹgbẹ́ wò, kí ó sì máa ṣọ́ ìwé owó wọn.

Ó wá kan tiwa.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ pé orúkọ tí ẹgbẹ́ ìlú Ìbàdàn yìí, Shooting Stars, ń jẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ẹni tó ni ín fún wa. WNDC ló ń jẹ́ nígbà tí àjọ ìdàgbàsókè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ín. Ó di IICC nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba. Orúkọ IICC yẹn ló ń jẹ́ ní 1976 tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Sam Ojebode àti Best Ogedegbe fi na Tonnerre Yaoundé tí Roger Milla wà nínú rẹ̀, tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kọ́kọ́ gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé. Ó gba CAF Cup ní 1992. Zamalek dí i lọ́nà ní àṣekágbá 1984 àti 1996. Ní 2017 ó já kúrò nínú líìgì ńlá, ó di 2021 kó tó padà.

Àwọn ẹgbẹ́ tí olówó kan ṣoṣo ni wọ́n ńkọ́? Leventis United tó wà ní Ìbàdàn níbí gba ife FA ní 1984 àti 1986. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gbà á ní 1985 àti 1987, Rashidi Yekini sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ẹ ò ní rí ọ̀kankan nínú wọn lórí tábìlì lónìí. Ìgbà tí ẹni tó ń náwó dáwọ́ dúró, kò sí ilé, kò sí pápá, kò sí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ tó lè gbà á dúró. Shooting Stars kò kú ní tirẹ̀ nítorí pé ìjọba kì í kú. Ìyẹn ni oore tí ìjọba ṣe fún un, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí n má bàa dà bí aláìmoore.

Àmọ́ ẹgbẹ́ tí ìjọba ni ní àìsàn tirẹ̀, káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ló sì wà. Gómìnà tuntun dé, ó yan alága tuntun. Alága tuntun mú akọ́nimọ̀ọ́gbá tirẹ̀ wá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tú àwọn agbábọ́ọ̀lù ká, ó kó tirẹ̀ dé. Ọdún kan ni ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí. Ọmọ tó bá gbá a dáadáa, kí sáà tó parí, aṣojú kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì tán lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó lọ sí òkè òkun láìmú kọ́bọ̀ wá fún ẹgbẹ́ tó sọ ọ́ di agbábọ́ọ̀lù. Owó tí ì bá ti fi kọ́ pápá ìdánrawò ló lọ bẹ́ẹ̀. Owó oṣù sì ń dúró de ìbuwọ́lù ní ọ́fíìsì kan tí àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oṣù tí líìgì ń lọ àti oṣù tí kò lọ. Ebi kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sáré.

N kò sọ pé kí ìjọba Ọ̀yọ́ ta Shooting Stars fún olówó kan lọ́la. Portsmouth ti jẹ́ kí a rí ibi tí ìyẹn lè já sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a ṣí ìwé kan tí alátìlẹyìn lè kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ó san iye tí agbára rẹ̀ ká, kí ìpín wọn má kéré débi pé wọn kò ní rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta gbé sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ pẹ̀lú ìbò tí kì í ṣe ti gómìnà. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà ní London àti Houston, tó ń ké "Up Sooting" lórí fóònù, á kọ orúkọ wọn bí wọ́n bá mọ̀ pé owó náà kò ní dàwátì. Ní Jámánì, òfin líìgì ni pé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni ìbò tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ wà, àyàfi díẹ̀. Kí ìwé àdéhùn àwọn ọ̀dọ́ wa kọjá ọdún kan, kí ó ní ìlà tó sọ ohun tó kan ẹgbẹ́ bí wọ́n bá ta ọ̀dọ́ náà lẹ́yìn ọ̀la.

Kò sí èyí tó ṣeé ṣe nínú rẹ̀ bí a kò bá mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tó wà níbí lónìí kò pọ̀. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ìwé owó ẹgbẹ́ jáde: owó tí ìjọba gbé kalẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà pápá Adámásingbà, owó tí a rí lórí agbábọ́ọ̀lù tó lọ, gbèsè owó oṣù àti orúkọ àwọn tí a jẹ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pápá níbi tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé lè kà á.